Ta Ló Ń Wọ Yàrá Àbíkẹ́yìn Mi?

Èmi kì í ṣe onífura ènìyàn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ti ṣọ́ ọmọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò débi pé ojú mi kì í tètè rẹ̀. Ẹni tó ti mú ọmọ tó kọ ìdáhùn sí itan, tó tún mú èyí tó kọ ọ́ sínú bàtà, kì í fura mọ́. Ó ti mọ̀ ni.

Ẹ̀rọ amúlétutù ilé mi ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Àpótí ńlá kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn ilé, òun ló ń fún ẹ̀rọ mẹ́rin inú ilé ní òtútù: ti pálọ̀, ti yàrá mi, ti yàrá àbúrò mi obìnrin, àti ti yàrá ọmọ mi àbíkẹ́yìn. Àbúrò mi yìí, ọmọ ìyá mi ni, ọmú kan náà la jọ mu. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ló ti wà lọ́dọ̀ mi. Àbíkẹ́yìn ní tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìnrìn-àjò lọ kàwé ni. Ọjọ́ tó lọ ni mo pa ẹ̀rọ yàrá rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpò mi. Kọ́kọ́rọ́ kejì ti sọnù tipẹ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àbúrò mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ooru ni ẹ̀rọ yàrá mi ń fẹ́ sí mi lára o."

Mo lọ wò ó. Òótọ́ ni, atẹ́gùn tó ń jáde níbẹ̀ dà bí èémí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà dákẹ́, tí lẹ́tà kan àti nọ́ńbà méjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú pupa lójú rẹ̀. Mo wá ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá jáde, mo wo ìtumọ̀ àmì ọ̀hún. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí gáàsì ti lọ sílẹ̀.

Mo pe ẹni tó bá wa so ẹ̀rọ náà ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ọ̀gá Tútù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń bá páìpù sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó wọn gáàsì, ó ní ó pé pérépéré. Ó pa àpótí ìta, ó tún un tàn, àmì pupa lọ.

"Màmá, tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pè mí."

Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni mo ṣí yàrá àbíkẹ́yìn láti gbọn eruku. Yàrá tí ó yẹ kó móoru tutù díẹ̀. Kò sí iná kankan lójú ẹ̀rọ ara ògiri, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó tutù bí omi àmù. Omi ń kán tó, tó, láti ìdí rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi. Ẹ̀rọ tí mo fọwọ́ ara mi pa láti ọjọ́ yìí, ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á tán?

Àwa méjì péré là ń gbé ilé yìí. Èmi kọ́ ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ náà. Àbúrò mi ti sọ ọ́ rí pé yàrá ọmọ yẹn fẹ̀ ju tòun lọ, pé oòrùn kì í wọ ibẹ̀. Ó wù ú. Ìtìjú ò jẹ́ kó lè tọrọ rẹ̀, ló bá ń ba ẹ̀rọ tirẹ̀ jẹ́ kí n lè ṣàánú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó sọnù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wọlé lọ gbádùn lọ́sàn-án, bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ mi, á pa ẹ̀rọ, á sì yọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ náà tò lẹ́sẹẹsẹ lọ́kàn mi bí ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé. Inú mi sì dùn sí i, kí n má purọ́.

Mi ò sọ nǹkan kan fún un. Ẹni tó máa mú ọ̀bọ a ṣe bí ọ̀bọ. A jọ ń jẹun, a jọ ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo bu pọ́dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà kí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lè hàn. Nígbà tí mo padà wò ó, pọ́dà wà bí mo ṣe bù ú, síbẹ̀ omi tuntun wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣé mo wá gbà pé kò wọlé? Rárá o. Mo ní ó fò ó ni. Obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún, tó máa ń di ògiri mú kó tó lè dìde lórí àga, mo ní ó fo pọ́dà.

Mo wá lọ jókòó sínú yàrá náà fúnra mi. Mo tan ẹ̀rọ ibẹ̀, mo sì ké sí àbúrò mi pé kó tan tirẹ̀. Fún wákàtí mẹ́ta, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ níhìn-ín, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ lọ́hùn-ún, kò sí àmì pupa kankan. Mo pa tọ̀dọ̀ mi, mo ti ilẹ̀kùn. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí tirẹ̀ fi padà sí ooru. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, bákan náà ló rí. Kí ni mo tún ń wá? Tí alábòójútó bá ti wà nínú gbọ̀ngàn, kò sẹ́ni tó ń jí ìwé wò.

Mo pe ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin lórí fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá mú àbúrò yín lọ sọ́dọ̀ yín. Ó ń fi kọ́kọ́rọ́ jíjí wọ yàrá ọmọ mi."

"Ṣé o rí i ni?"

"Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi."

"Ṣé o bi í?"

"Bọ̀ọ̀dá náà ẹ̀. Ta ló ń bi olè pé ṣé ó jalè?"

Ó ní òun máa wá lọ́la. Mo mọ̀ pé ọmọ-ọmọ kún ilé rẹ̀ fọ́fọ́, pé orí àga pálọ̀ ni àbúrò mi yóò máa sùn lọ́hùn-ún. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì sọ fóònù kalẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Tútù padà wá. Àbúrò mi wà nínú yàrá rẹ̀, kò jáde wá kí i. Mo fa ọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, omi orí bẹ́ẹ̀dì, pọ́dà, ìjókòó wákàtí mẹ́ta. Mo rò pé yóò mi orí fún ọgbọ́n mi. Ṣe ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún èyí sọ. Tí ẹ̀rọ méjèèjì bá jọ ń ṣiṣẹ́, kò sí wàhálà?"

"Kò sí."

"Tí àǹtí bá wá dá tiwọn tàn?"

"Ooru. Nígbà tó bá sì yá, àmì pupa."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí òun náà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, àbúrò mi ló bu omi fún un mu, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Bí ẹni méjì bá ń jẹ nínú awo kan, ta ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ?

Ó ní kí n ṣí yàrá àbíkẹ́yìn. Ó rí i pé ẹ̀rọ ibẹ̀ wà ní pípa. Ó lọ kan ilẹ̀kùn àbúrò mi, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó tan tirẹ̀ nìkan. Ó padà wá, ó gbé ọwọ́ mi lé ara ẹ̀rọ tó kú náà.

"Ẹ má gbé ọwọ́ kúrò, Màmá."

Mo dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá. Ẹ̀rọ tí kò tàn bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, èmi àti ọkùnrin yìí nìkan la wà níbẹ̀. Omi àkọ́kọ́ kán sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe ẹ̀rù ẹ̀rọ.

Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, ó tú ìdérí àpótí ńlá náà, ó sì fi ìka tẹ̀ lé wáyà àti páìpù láti ibi tí wọ́n ti jáde lára ògiri.

"Ẹ wò ó. Páìpù àǹtí rèé, ojú rẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n wáyà tiwọn bọ́ sójú ti ọmọ yín, ti ọmọ yín sì bọ́ sójú tiwọn. Bí àǹtí bá béèrè òtútù, yàrá tó wà ní títì ni àpótí yìí ń gbé e lọ. Nígbà tí ọmọ yín wà nílé, àwọn méjèèjì jọ ń tàn án, kálukú ń rí òtútù gbà, kò sẹ́ni tó lè mọ̀."

"Ta ló so ó bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, Màmá. Àṣìṣe mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rù. Èmi dúró síbẹ̀, mo ń wá ẹni tí mo máa di tèmi rù. Mo ro ti ìwé tó ní gáàsì ni, mo ro ti kọ́kọ́rọ́ tó sọnù. Kò sí èyí tó gbà á lọ́wọ́ mi.

Kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi pààrọ̀ wáyà méjèèjì. Nígbà tí mo fi máa padà wọ pálọ̀, àbúrò mi ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì méjì. Mọ́tò Bọ̀ọ̀dá ti wà lẹ́nu géètì.

"Bọ̀ọ̀dá ti sọ fún mi láná," ló wí. "Mo sì gbọ́ ohun tí ẹ̀yin àti Ọ̀gá Tútù sọ. Fèrèsé mi wà ní ṣíṣí."

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n lẹ́yìn nígbà tí kò tíì lè rìn, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

"Dárí jì mí. Mo ṣe é, mo ṣe é burúkú."

"Mo ti dárí jì yín." Ó fà mí dìde. "Ṣùgbọ́n orí tábìlì kan náà la ti ń jẹun láti ọjọ́ yìí, ẹ ò bi mí. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa sùn nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣọ́ mi."

Ó gbé báàgì kan, Bọ̀ọ̀dá wọlé wá gbé èkejì, kò wo ojú mi. Mo gbọ́ tí géètì pa dé.

Ọ̀gá Tútù yọjú láti inú yàrá àbúrò mi, rímóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n ti lọ.

"Màmá, ó ti ń tutù dáadáa. Báwo ni àǹtí ṣe máa ń fẹ́ kó tutù tó, kí n fi í síbẹ̀ fún wọn?"

Mi ò mọ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi sùn nínú yàrá yẹn, mi ò bi í rí.