Ọrùn Ìyá Àbdùlràhmọ̀n

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ká híjáàbù yín sókè díẹ̀, kí n rí ọrùn yín."

Pùròfẹ́sọ̀ Babátọ́pẹ́, olùdánwò àgbà, wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó yọ ṣùtì. Dókítà kẹjọ tó wá ṣèdánwò rèé láti àárọ̀ tó ń dúró ti ibùsùn yìí, kò sì sí ìkankan nínú àwọn méje tó ṣáájú tó bèèrè ọrùn. Ikùn ni wọ́n ń gbà lọ tààrà, wọ́n á tẹ ẹ̀dọ̀ tó wú, wọ́n á sọ bó ṣe tóbi tó, wọ́n á jáde.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ti oníkálukú. Toheeb, ẹni kẹjọ yìí, ọmọ Ìlọrin, ti fi mẹ́rin kí ìyá, ó fi pe nọ́ọ̀sì obìnrin, ó fi fa aṣọ ìkélé yí ibùsùn ká. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò àgbà dókítà yìí. Bó bá tún kùnà lónìí, ilé ló ń lọ. Àánú rẹ̀ ṣe Dókítà Fọláyan, olùdánwò kejì. Ta ló rán ọmọ yìí lọ sí ọrùn?

Ìyá Àbdùlràhmọ̀n, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ike lọ́jà Dutse Alhaji, rẹ́rìn-ín. "Kai! Ìwọ lo kọ́kọ́ bi mí. Àwọn yòókù ń sá fún híjáàbù mi bí ẹni pé ejò ló wà ńbẹ̀."

Toheeb bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ìka rẹ̀ rọra sọ̀kalẹ̀ lọ́rùn, ó dé kòtò tó wà lókè èjìká òsì, ó dúró. Ó tún ibẹ̀ tẹ̀. Nígbà tí yóò fi débi ikùn, aago ti lù.

Òyìnbó ló fi ròyìn, kí ìyá má baà gbọ́: kókó kan wà lọ́rùn wọn. Ó le, kò ṣeé sún. Òun ò ráyè wọn ẹ̀dọ̀ tán. Ó tẹríba, ó jáde.

"Kókó wo?" Babátọ́pẹ́ na ìwé sí Fọláyan. "Kò sí nínú ohun tá a kọ. Ó ti tán fún un nìyẹn."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: láàárọ̀ ìdánwò, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, àwọn olùdánwò méjèèjì á kọ́kọ́ yẹ aláìsàn wò fúnra wọn, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń máàkì.

Fọláyan wo ìwé náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló kọ ọ́. Ẹ̀dọ̀: ó wú. Ọrùn: kò sí nǹkan kan.

Nígbà wo ló wo ọrùn? Láago méje àárọ̀, ó ti rò ó pé báwo ni òun, ọkùnrin, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣe máa ní kí ìyá oníhíjáàbù ṣíborí. Ọ̀wọ̀ ló pe èyí. Bírò rẹ̀ sì kọ "kò sí" lọ ràì.

Ó lọ sídìí ibùsùn, ó tọrọ ààyè, ó fọwọ́ kàn án. Ó le bí òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ awọ. Irú kókó bẹ́ẹ̀ lọ́rùn òsì, àmì jẹjẹrẹ inú ikùn ló sábà máa ń jẹ́.

Ó fa ìlà gba orí ohun tó kọ, ó fọwọ́ sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún ọmọ yẹn ní máàkì rẹ̀."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo kọ ọ́ ni?"

"Èmi ni. Irọ́ ni mo kọ."

Babátọ́pẹ́ wo ìwé náà. Òun náà ti fọwọ́ sí i láàárọ̀. Ó mú bírò, ó kọ máàkì náà.

Fọláyan fa àga sún mọ́ ìyá. "Ìgbà wo ni kókó yìí ti wà ńbẹ̀, mà?"

"Láti ààwẹ̀ èṣí."

"Ẹ ò fi han dókítà kankan?"

Ìyá wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé. "Dókítà wo ló tún kù? Ọdún kẹta rèé tẹ́ ẹ ti ń pè mí wá síbí fún ìdánwò yín. Ogún dókítà ló ń fọwọ́ kàn mí lóòjọ́. Mo ní bó bá burú, ẹ ò bá ti sọ fún mi."

Fọláyan ń wá ohun kan lọ́kàn, ohun kan ṣoṣo, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti sọ fún obìnrin yìí láti ọdún mẹ́ta. Kìkì èyí ló rántí: Ẹ mí sínú. Ẹ yí sápá òsì. Ẹ ṣeun, mà.