Ẹ Má Ṣe Àmín

Kò sí òwúrọ̀ kan tí Àlàájì Daud Ajíbóyè kì í fi ohùn ránṣẹ́ sí Jìbírílù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, lórí WhatsApp. Bó bá ti kírun Àsùbáà tán nínú yàrá tí Sìmíátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, fún un nílé rẹ̀ ní Calumet City, á gbé fóònù sún mọ́ ẹnu bí ẹni tó fẹ́ bu àgbàdo jẹ, á sì bẹ̀rẹ̀. Á kí Jìbírílù, á kí ìyàwó Jìbírílù, á ráhùn òtútù, á bú àwọn olóṣèlú Ìwó bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí. Lẹ́yìn náà ni àdúrà á wá dé, gígùn rẹpẹtẹ. Ní Evanston, ní òdì kejì Chicago, Jìbírílù á gbé fóònù lé tábìlì, á máa po tíì, á máa ṣe àmín. Bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe ń mọ́ nìyẹn. Ọjọ́ tí ohùn yẹn bá pẹ́, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Iṣẹ́ Jìbírílù ò rọrùn láti ṣàlàyé fún ará ilé. Olóòtú eré apanilẹ́rìn-ín ni, fún rédíò àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní London, Chicago ló sì ń gbé. London ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ló ti lórúkọ. Nígbà tí Sìmíátù kó bàbá wọn wá sí Amẹ́ríkà, Jìbírílù ní bàbá kan ṣoṣo lòun ní. Ó kó ìyàwó, ó kó kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀lé e. Ẹ rántí èyí dáadáa. Ìfẹ́ bàbá ló gbé e dé ìlú yìí, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Eré tó wá gbajúmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni *Àlàájì Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì*: bàbá Yorùbá kan tó ń gbé lókè ilé ọmọ rẹ̀ ní London, tó ń bá ẹ̀rọ ìfọṣọ jà, tó ń ṣàdúrà sí fìríìjì kó tó ṣí i. Ìbíyínká ni òṣèré tó ń ṣe bàbá náà. London ni wọ́n bí ọmọkùnrin yìí sí, kò mọ bí àgbà Ìwó ṣe ń sọ̀rọ̀, ni Jìbírílù bá ń fi ohùn Àlàájì Daud ránṣẹ́ sí i kó fi kọ́ ọ. Ibi tí bàbá ti ń wúkọ́, ibi tó ti ń fa ọ̀rọ̀, ibi tó ti ń gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, gbogbo rẹ̀ ni Ìbíyínká kó sẹ́nu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rẹ́rìn-ín títí, ikùn ń dùn wọ́n. Bàbá mọ̀ pé ọmọ òun ń ṣe rédíò. Kò mọ̀ pé òun gan-an ni rédíò ọ̀hún.

Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan nígbà òtútù, ohùn tó wọlé ò dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò sí olóṣèlú kankan níbẹ̀.

"Jìbírílù, má jẹ́ kí Sìmíátù gbọ́ èyí o. Lánàá, mò ń ti Jímọ̀ọ̀ bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ni ìtọ̀ kàn bọ́ lára mi. Kò tiẹ̀ sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí bọ́ọ̀sì fi dé òpin ọ̀nà, torí mi ò lè dìde lójú àwọn èèyàn. Mo ti fọ ṣòkòtò náà fúnra mi." Ó wúkọ́. "Ọlọ́run Ọba, Ìwọ tó fi ìkarahun bo ìgbín kó má baà rìn níhòòhò, bo àṣírí mi. Má jẹ́ kí ọmọ tí mo bí rí ìtìjú mi. Má jẹ́ kí bọ́ọ̀sì kankan tún gbé ṣòkòtò mi tútù kiri ìlú mọ́. Ṣe àmín, Jìbírílù."

Jìbírílù ṣe àmín, ó sì sunkún. Ó pe bàbá padà, ó ní òun ń bọ̀ wá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, Sìmíátù ò sì ní gbọ́. Òótọ́ inú ló fi sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Eden pè láti London. Eden ni ọ̀gá tó ń gba eré lọ́wọ́ Jìbírílù, obìnrin kan tí kì í pariwo; bí nǹkan bá ṣe ń wù ú tó ló ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀ tó, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà. Ó ní àwọn tẹlifíṣọ̀n fẹ́ gba *Àlàájì Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì*, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀kan sí i lórí rédíò, kí ìparí rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó ń wọni lára, kí ó má jẹ́ ìjà ẹ̀rọ ìfọṣọ nìkan. Jìbírílù jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó wá ohun tó ń wọni lára títí, kò rí, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé ọ̀kan wà nínú fóònù òun. Nígbà tí yóò fi dìde, bọ́ọ̀sì ti wọ inú eré, ṣòkòtò tútù ti wọ̀ ọ́, ìgbín ti wọ̀ ọ́ tòun ti ìkarahun. Ó ní ta ni yóò mọ̀? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò mọ Calumet City. Bó ṣe di pé ó gbé àdúrà bàbá dé London kó tó gbé bàbá dé ọ̀dọ̀ dókítà nìyẹn.

Ìbíyínká ń ṣe eré orí ìtàgé kan ní Chicago lásìkò náà, kò lè padà sílé, ni wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe é níhìn-ín. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí Jìbírílù kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn kì í fẹ́ mú ẹ̀rín ibòmíì wá lẹ̀ mọ́ eré wọn. Wọ́n á kó èèyàn jọ sínú gbọ̀ngàn, wọ́n á so máìkì sókè orí wọn, ẹ̀rín tí àwọn yẹn bá rín náà ni ayé máa gbọ́. Bí ibì kan bá bàjẹ́, olóòtú á jáde síwájú, á bẹ àwọn èèyàn, òṣèré á tún un ṣe, àwọn èèyàn náà á sì tún rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ò gbọ́ ọ rí. Jìbírílù gba tíátà kékeré kan, ó pe àwọn Yorùbá ìlú, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, akẹ́kọ̀ọ́, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Bàbá rẹ̀ nìkan ni kò pè.

Sìmíátù ló mú un wá. Ó fẹ́ fi ya ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu.

Láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé ni Jìbírílù ti rí fìlà funfun náà níwájú, àti ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó ń dán fún ayọ̀. Ó yẹ kó sáré lọ bá wọn, ṣùgbọ́n iná gbọ̀ngàn ti kú, Eden ti wà létí rẹ̀ lórí fóònù láti London, Ìbíyínká sì ti jáde. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Òkò ti kúrò lọ́wọ́ Jìbírílù.

Gbogbo rẹ̀ kọ́kọ́ lọ geere. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín ẹ̀rọ ìfọṣọ, wọ́n rẹ́rìn-ín fìríìjì, Àlàájì Daud náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún Sìmíátù. Ibi ìparí wá dé. Ìbíyínká jókòó lórí ẹní ìkírun, ó wúkọ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń ṣàdúrà, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo egungun rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Ó ní kí Ọlọ́run tó fi ìkarahun bo ìgbín bo àṣírí òun.

"Àmín!" ni gbọ̀ngàn dáhùn.

Kì í ṣe ẹnì kan, kì í ṣe ẹni méjì. Olóòtú tó gbọ́n títí ti gbàgbé irú èèyàn tó pè. Ẹ sọ fún Yorùbá pé eré ni, ẹ sọ fún un pé irọ́ ni. Bí ẹ bá ti ní kí Ọlọ́run bo àṣírí, ẹnu rẹ̀ á ti dáhùn kí orí rẹ̀ tó rò ó. Mùsùlùmí ṣe é, onígbàgbọ́ ṣe é, ọmọ tí wọ́n bí sí Tinley Park níhìn-ín tí ò gbọ́ Yorùbá kan dan-in dan-in náà ṣe é. Ta ni kò ní àṣírí?

Àlàájì Daud náà ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó rò pé àdúrà gbogbo ayé ni. Ó ṣe àmín ìgbín, ó ṣe àmín ìtìjú. Nígbà tó kan bọ́ọ̀sì àti ṣòkòtò tútù, ẹnu rẹ̀ ṣí, àmín ò jáde. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí itan. Sìmíátù wo orí ìtàgé, ó wo ojú bàbá. Ó ti ń bá ṣòkòtò tútù pàdé nínú balùwẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ó sì ń rò pé omi ìwẹ̀ ló ń ta sí i. Ojú ẹsẹ̀ ló yé e.

"Kí ni wọ́n ń sọ yẹn?" Eden bèèrè létí Jìbírílù. "Kò sí ẹ̀rín. Jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe."

Jìbírílù lè kọ̀. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ó lè kọ̀. Ó lè ní máìkì bàjẹ́, ó lè ní inú ń run òun. Ó wo fìlà funfun náà, ó rántí tẹlifíṣọ̀n, ó sì jáde sínú iná.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun o. Àmín yín yẹn, it was beautiful, Ọlọ́run á gbà á. But it's comedy, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn London people ò ní understand. A máa take that scene again. Ẹ má ṣe àmín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa."

Kò wo ìlà iwájú bó ṣe ń sọ ọ́.

Èèyàn tó gbọ́ràn ni wọ́n, wọn ò fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ wọn jẹ́. Ìbíyínká tún wúkọ́. Ìgbín dé, wọ́n rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀sì dé, wọ́n ń lu itan. Ṣòkòtò tútù dé, gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Kò sí ẹ̀rín tó dára tó bẹ́ẹ̀ tí Jìbírílù gbà sílẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Ohùn Eden rẹlẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kó má gbọ́ ọ. "Lovely," ló ní.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń jáde, Àlàájì Daud rìn wá síwájú ìtàgé. Bàbá wúkọ́, Ìbíyínká sì dá ẹni tó ní ohùn náà mọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, ọmọ mi. O ṣe é dáadáa. Ikọ́ yẹn, bí mo ṣe ń wú u gan-an nìyẹn. Ọlọ́run á gbé ẹ ga." Bàbá yíjú sí Jìbírílù. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Láti ọjọ́ tó ti bí i, kò fi "ẹ" kí i rí. Bí èèyàn ṣe ń kí àlejò ló ṣe kí i, ó sì ń lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Sìmíátù dúró díẹ̀. "Brother, since when lẹ ti mọ̀? Inú ilé kan náà ni èmi àti Daddy ń gbé. I'm a nurse! Ó wá jẹ́ comedy ló máa sọ fún mi?"

Ní ọjọ́ kejì, ilẹ̀ mọ́, fóònù ò dún. Jìbírílù po tíì, tíì tutù. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kẹta nìyẹn, bó ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. Ó pe bàbá, bàbá gbé e, ó ní àlàáfíà làwọn wà, ó ní kó kí ìyàwó. Kò ṣàdúrà kan.

Eden pè, ó ní àwọn tẹlifíṣọ̀n bá òun gbọ́ ọ lórí fóònù lọ́jọ́ náà, ibi àdúrà gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ gbà. Jìbírílù jókòó láti to ohùn náà. Ó kọ́kọ́ gbọ́ èyí tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, ìtìjú mú un fún ara rẹ̀. Ó wá gbọ́ ti àkọ́kọ́. Láàárín àmín ogunlọ́gọ̀ èèyàn ni ó ti dá àmín kan mọ̀, èyí tí ikọ́ kékeré tẹ̀lé. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó kan ti bọ́ọ̀sì, kò dún mọ́. Jìbírílù tẹ orí sórí tábìlì, ó ké bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló pa méjèèjì rẹ́, ó pe London, ó sì sọ fún Eden. Eden ní láìsí ibẹ̀, kò sí tẹlifíṣọ̀n. Ohùn rẹ̀ kò rẹlẹ̀ rárá.

Jìbírílù wa mọ́tò lọ sí Calumet City. Bàbá jókòó létí fèrèsé. Oògùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí Sìmíátù ti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Jìbírílù dọ̀bálẹ̀.

"Daddy, mo ti gé e kúrò. Kò ní jáde lórí rédíò, kò ní jáde níbì kankan. Mo ti delete ẹ̀ pátápátá, sà."

"O gé e."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àwọn tó rẹ́rìn-ín ńkọ́? O gé àwọn náà? Ọ̀kan nínú wọn ló ń fi mọ́tò gbé mi lọ sí Jímọ̀ọ̀ báyìí."

Jìbírílù di ẹsẹ̀ bàbá mú, ó ní kó dárí ji òun.

"Mo ti dárí jì ọ́. Ọmọ mi ni ọ́, kí ni mo fẹ́ ṣe fún ẹ?"

Ọkàn Jìbírílù fúyẹ́ díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàdúrà fún mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ."

Bàbá wo àpò Jìbírílù. "Fóònù ẹ dà?"

Jìbírílù yọ ọ́.

"Lọ fi sínú mọ́tò."

Ó jáde, ó fi í síbẹ̀, ó tilẹ̀kùn mọ́tò, ó padà wọlé, ó kúnlẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ṣùgbọ́n ohùn kankan ò jáde. Àdúrà náà gùn, bí àdúrà rẹ̀ ṣe máa ń gùn. Jìbírílù na etí, ó tẹjú mọ́ ètè náà, kò mú ọ̀rọ̀ kan. Ìgbà tí bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú ló mọ̀ pé ó ti parí.

"Àmín," ni Jìbírílù wí, kò sì mọ ohun tí bàbá tọrọ.