Suíìṣì Tí Kò Lórúkọ

"Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ tún tan hítà yẹn nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́?"

Marlene Friesen kò tíì bọ́ bàtà, yìnyín tó lẹ̀ mọ́ ọn ń yọ́ sílẹ̀ ilé ìdáná. Bíìlì iná ló dì mú, ó sì ń gbọ̀n ọ́n sókè sódò. Abram, bàbá rẹ̀, jókòó sídìí tábìlì tòun ti kóòtù lọ́rùn, ó fi fìlà òwú bo etí méjèèjì bí ẹni tó wà níta.

"Mi ò tàn án."

"Ta ló wá ń jẹ iná? Ó tún ju ti oṣù tó kọjá lọ! Àwa méjì péré la wà níbí, èmi kì í sì í gbélé lọ́sàn-án."

"Ìwọ fúnra rẹ lo gbé hítà náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, Marlene."

"Ṣebí ẹ mọ ọ̀nà kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣé ẹ tàn án, àbí ẹ ò tàn án?"

"Mo ní mi ò tàn án," ni bàbá náà wí. Irú ènìyàn tó máa ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun ni. Marlene ló máa ń sọ tirẹ̀ jáde, gbogbo ilé ló sì máa ń gbọ́ ọ.

Ó pe ilé iṣẹ́ oníná. Lẹ́yìn orin gígùn, ọ̀dọ́bìnrin kan dá a lóhùn pé, "Màdáámù, mítà kì í parọ́. Ẹ lọ yẹ bí ẹ ṣe ń lo iná wò."

"Ìlò wo? Ṣé a ń rọ irin níbí ni?"

Ọmọ náà tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Marlene já fóònù mọ́ ọn létí, ó bọ́ síta kó má baà fọ́ nǹkan.

Ọ̀gbẹ́ni Kostyuk, onílé tó ń gbé lókè wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ń ki wáyà ọkọ̀ rẹ̀ bọ iná ara ògiri, bí gbogbo ará Winnipeg, ìlú oníyìnyín náà, ṣe ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́, kí iná lè mú ẹ́ńjìnnì gbóná kó má baà dì mọ́jú. Marlene rojọ́ fún un. Onílé bú sẹ́rìn-ín.

"Arúgbó àti òtútù! Ìyá mi náà nìyẹn nígbà ayé rẹ̀. Bí mo bá ti yíjú báyìí, hítà ti pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ṣọ́ bàbá ẹ dáadáa."

Marlene gbé ọ̀rọ̀ yìí wọlé, ó sì tún bi bàbá rẹ̀ léèrè ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ìdáhùn kan náà ló gbà.

Nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, báàgì bàbá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, bàbá náà ti ń ká ṣẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀.

"Mo ti pe ilé àwọn àgbàlagbà ní ìlú Altona," ni Abram wí. "Yàrá kan ṣófo. Corny, ọmọ àbúrò mi, á wá fọkọ̀ gbé mi ní Sátidé."

"Nítorí bíìlì iná lẹ ṣe fẹ́ fi mí sílẹ̀?"

Ó ń ká ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Inú bí Marlene gidigidi. Wọ́n ní ìbínú kò da nǹkan fúnni, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìbínú ló gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí àpótí iná lábẹ́ ilé. Suíìṣì tò sínú rẹ̀, wọ́n fi bébà pélébé kọ orúkọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ààrò, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, yàrá Bàbá. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò lórúkọ.

Ó pa gbogbo èyí tó lórúkọ. Ilé ṣókùnkùn. Ó jáde lọ wo mítà tiwọn lára ògiri. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì ń lọ sókè.

Ó padà, ó pa èyí tí kò lórúkọ náà, ó tún sáré jáde. Nọ́ńbà dúró gbagidi. Marlene dúró tì í títí omi ojú rẹ̀ fi dì mọ́ ìpéǹpéjú. Lẹ́yìn náà ló tan àwọn tó kù padà. Ti ìsàlẹ̀ yẹn nìkan ló fi sílẹ̀ ní pípa. Ó fẹ́ mọ ẹni tó máa ké.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn.

"Ta ló pa iná ìta?" Kostyuk ni. "Ọkọ̀ mi ti dì! Ti ìyàwó mi náà ò ṣiṣẹ́!"

Marlene jáde tòun ti sálúbàtà. Ó wo wáyà méjèèjì tó ti ẹnu ọkọ̀ wá sí abẹ́ fèrèsé rẹ̀.

"Iná mi lẹ fi ń mú ọkọ̀ yín gbóná mọ́jú."

"Bí mo ṣe ra ilé ló ṣe wà. Mi ò mọ mítà tó so mọ́."

"Ẹ ò mọ̀, àbí ẹ ò fẹ́ mọ̀?"

"Màá san án padà. Jọ̀ọ́, tan án ná."

"Mi ò ní tàn án! Wọlé, kó o wá tún ohun tó o sọ nípa bàbá mi sọ lójú ẹ̀!"

Ojú ti onílé. Ó wo bàtà rẹ̀. "Lóòótọ́, èmi ni mo sọ ọ́," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Àmọ́ ìwọ lo gbà á gbọ́."

Marlene pa ilẹ̀kùn dé gbàà. Ó gbé hítà jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e lọ síwájú bàbá rẹ̀, ó sì tàn án.

"Kì í ṣe ẹ̀yin, Bàbá. Ọkọ̀ Kostyuk ni."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi."

"Ẹ má lọ mọ́. Ẹ máa tan hítà bó ṣe wù yín."

"Òtútù kọ́ ló ń lé mi lọ, Marlene. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo bi mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá ọ lóhùn."

Marlene fẹ́ bú Kostyuk, ó fẹ́ bú ilé iṣẹ́ oníná. Àmọ́ ara rẹ̀ nìkan ni inú ń bí i sí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo ṣẹ̀ yín," ló wí. "Ẹ forí jì mí."

Abram bẹ̀rẹ̀ síwájú. Ó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, tí òtútù ti sọ di pupa nínú sálúbàtà. Ó fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti hítà náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kọjú sí Marlene.

"Pe Corny," ló wí. "Sọ fún un pé ọ̀nà ò ní dáa ní Sátidé, kó má wulẹ̀ wá mọ́."