Ta Ló Tọ̀ Sórí Ẹní Yìí?

Ilé bàbá wa ní Ìlọ́fà ń rùn. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Láti ẹnu ọ̀nà ni òórùn ìtọ̀ ti pàdé mi ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tí mo wálé fún ìkórè ìjọ, wọ́n ti da Ísáàlì lé e lórí títí, síbẹ̀ ó ń rùn. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó ṣe bí ẹni tó gbọ́ ọ.

Bàbá wà lórí àga rẹ̀ ní pálọ̀. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, Bàbá Ìjọ ni, gbogbo agbègbè wa títí dé Èkàn ló sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tó mọ ọmọ tọ́. Ó na ọwọ́ sí mi kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ọwọ́ tó fi kàn mí lórí tutù, ó ń yọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bándélé, tó ń ṣe tíṣà ní Òdò-Ọwá, ló ń tọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú ló ti kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wá síbẹ̀. Àwọn ará ìlú ń yìn ín. Èmi kò mọ ohun tí mo lè pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú Bándélé rí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó máa ń tọ̀ sílé. Láràárọ̀ ni Bàbá máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, á wá béèrè pé, "Ta ló tọ̀ sórí ẹní yìí?" Ó mọ ẹni náà o. Ó kàn fẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni. Bó bá ti ní "Èmi ni", wọ́n á gbé ẹní tútù yẹn lé e lórí, wọ́n á pe àwọn ọmọ àdúgbò, orin atọ̀ọ́lé á bẹ̀rẹ̀. Bàbá ló máa ń ṣáájú. Á máa pàtẹ́wọ́, á máa rẹ́rìn-ín, ìtọ̀ á máa kán sí ọmọ létí títí wọ́n á fi yí ṣọ́ọ̀ṣì po. Àwọn òbí mìíràn ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ wọn lẹ́ẹ̀kan, ó sì tán síbẹ̀. Ti Bàbá kò tán títí Bándélé fi wọ sẹ́kọ́ńdírì. Eyín Bàbá ni mo rántí jù, bó ṣe ń funfun láàárọ̀ kùtù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn, èmi àti Ọpẹ́olúwa, ìyàwó Bándélé, jọ ń já ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé.

"Àǹtí," ó ní, "láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n yín, orí àga ni wọ́n ń sùn. Bó bá ti di ọ̀sán, wọn kò ní mumi mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n ní ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n."

Èmi alára, ojoojúmọ́ ni mo ń fọ aṣọ ibùsùn mi, bó dọ̀tí, bí kò dọ̀tí. Ọkùnrin tó yẹ kó fẹ́ mi sọ pé òun kò lè bá ẹni tó ń gbóòórùn aṣọ lóru gbélé, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Fìyìn náà ti bẹ̀rẹ̀," Ọpẹ́olúwa rọra sọ. Fìyìnfólúwa ni ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje, orí bẹ́ẹ̀dì Bàbá ló ń sùn kó lè máa bu omi fún un. "Bàbá ní àràárọ̀ ló ń tọ̀ sórí ẹní tí àwọn tẹ́ sórí fóòmù. Wọ́n ní bó bá tún fi ṣe é, á gbé ẹní lórí."

"Bọ̀ọ̀dá mi gbà?"

Ó wolẹ̀. "Wọ́n gbà."

Mo dìde, mo wá a lọ. Ó ń to iṣu ìkórè sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ètè rẹ̀ gbẹ, ó ti là. Nígbà tí mo béèrè, ẹ̀rín ló rín.

"Ìbídùnní, kí lí í dùn ọ́? Ṣebí án ṣe é fún èmi náà. Kí ló pa mí? Òun ló sọ mí dọkùnrin."

"Ọkùnrin tí kò lè sùn lórí bẹ́ẹ̀dì," mo ní.

Ó padà sídìí iṣu rẹ̀. Mo kórìíra ẹ̀rín yẹn dénú egungun, nítorí ẹ̀rín Bàbá ni.

Nígbà tí a jẹun alẹ́ tán, mo mú Fìyìn lọ sí yàrá tèmi. Ọmọ náà ń wo ife omi lórí tábìlì, ó sì béèrè bóyá òun lè mu ún. Mo bu kún un, ó mu ún tán, ó tún tọrọ òmíràn. Ó wá sùn fọnfọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nígbà tí mo jí láàárọ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo fọwọ́ kan ibi tó sùn sí. Ó gbẹ. Inú mi dùn, mo rò pé ó ti lọ gbálẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ariwo àwọn ọmọdé níta.

Fìyìn ló dúró láàárín àgbàlá, ẹní Bàbá wà lórí rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ tutù láti ẹ̀yìn dé orúnkún. Bàbá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, wọ́n sì ti fi páúdà kùn ún lọ́rùn. Bándélé dúró lẹ́yìn àga rẹ̀.

"Ta ló tọ̀ sórí ẹní yìí?" Bàbá béèrè.

"Èmi ni," ni ọmọ náà wí.

"Irọ́ ni!" Mo ti dé àárín wọn. "Ọ̀dọ̀ mi ló sùn, ibẹ̀ sì gbẹ. Fìyìn, ta ló gbé ọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?"

Ó wo bàbá rẹ̀. "Dádì ni. Wọ́n gbé mi sórí ẹní bàbá àgbà. Wọ́n ní kí n sùn sínú ìtọ̀ ibẹ̀ kí aṣọ mi lè tutù."

Ọpẹ́olúwa, tó ń bọ̀ láti ìdí kànga, sọ korobá sílẹ̀. Mo wo Bàbá, mo ń wá ìtìjú lójú rẹ̀. Ó kàn ń nu ẹnu.

"Ulé mi rèé," ó ní. "Lí ulé mi, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ru ú."

"Bọ̀ọ̀dá," mo ní, "ìtọ̀ ta ni? Ẹ sọ ọ́ síta. Ẹ̀yin lẹ ń fọ aṣọ Bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n."

Bándélé la ẹnu. Tíṣà tó ń pàṣẹ fún odidi kíláàsì, tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Bàbá yíjú sí i, ó kàn wò ó ni.

"Èmi ni," Bándélé ní.

Ó rìn lọ bá ọmọ rẹ̀, ó gbé ẹní náà kúrò lórí rẹ̀. Mo rò pé yóò jù ú sẹ́sẹ̀ Bàbá. Láti kékeré ni mo ti ń retí ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n orí ara rẹ̀ ló gbé e lé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ẹní mú, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó kọjú sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Ìtọ̀ kán sí i létí, kò sì nù ún.

Ọpẹ́olúwa bọ́ aṣọ tútù náà kúrò lára Fìyìn, ó jù ú sílẹ̀, ó fi ìborùn tirẹ̀ pọ̀n ọ́n, a sì kọrí sí ọ̀nà Ọ̀sì láìmú nǹkan kan.

A kò tíì dé ojú títì nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́yìn wa. Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.