Ohùn Màmá Nínú Fódà Ìpamọ́

Ẹ bá mi wo àbúrò mi ọkùnrin. Gbogbo wa nílé ló ń lo kọ̀ǹpútà bí ọmọ èèyàn, àfi òun. Línúsì, ètò kan tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fẹ́ràn, ló wà lórí tirẹ̀, kò sì sí ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ tẹ àṣẹ gígùn bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí àna rẹ̀. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ni mò ń pè é. Ó ní háàdì kan, àpótí pẹlẹbẹ tó máa ń fi okùn so mọ́ kọ̀ǹpútà láti tọ́jú fáìlì. O ò gbọ́dọ̀ fa okùn yẹn láìtọrọ gáfárà, ìyẹn ni pé kí o kọ́kọ́ tẹ àṣẹ tó ń tú u sílẹ̀. Mo ṣèèṣì fà á lọ́jọ́ kan, odindi ọ̀sẹ̀ ló fi wàásù fún mi.

Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀fun fún Màmá wa, dókítà ti sọ pé ohùn wọn lè lọ pátápátá. Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi ṣe agbẹ̀bí, ẹnu wọn kì í sì í sinmi. Ni àbúrò mi bá jókòó tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń fi fóònù gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀: ìtàn àwọn aboyún tí wọ́n gbẹ̀bí fún, orin tí wọ́n fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún, èébú tí wọ́n máa ń bú wa. Nígbà tó parí, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú fódà háàdì náà, èyí tó pè ní Ìpamọ́. Ó fojú ara rẹ̀ rí i níbẹ̀, ó sì pa ti orí fóònù rẹ́.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ṣùgbọ́n ohùn lọ. Ọjọ́ tí Màmá délé, wọ́n fọwọ́ kan etí wọn, wọ́n sì nawọ́ sí àbúrò mi. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn ara wọn.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ki okùn bọ̀ ọ́, ó tẹ àṣẹ, ó ṣí Ìpamọ́. Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ àti fọ́tò bàtà kan tó fẹ́ rà nìkan la rí. Ó tún un ṣe. Bàtà náà ni.

"Ṣé bàtà yìí ló gbé ohùn Màmá sá lọ?" Yẹ̀yẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe, àmọ́ mo ti sún mọ́ kọ̀ǹpútà láti wò ó fúnra mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo kó o síbẹ̀. Ojú mi ló rí i."

Ọjọ́ méjì ló fi wá a, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀. Màmá ò tiẹ̀ bínú, wọ́n kàn ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ìyẹn ló wá burú jù. Èmi ni mo bínú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo ní kó gbé háàdì náà wá, kí n mú un lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ tí kò sì ní àsọjù. Mo nawọ́ sí okùn.

"Ẹ má tíì fà á o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀."

"O ṣì ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ó tẹ àṣẹ rẹ̀, èmi náà fa okùn. Ó tún Ìpamọ́ ṣí lójú kọ̀ǹpútà, bóyá nítorí pé kò mọ ohun tó kù tó lè ṣe. Níwọ̀n bí a ti yọ háàdì, ó yẹ kó ṣófo. Fáìlì mọ́kànlélógójì ló tò síbẹ̀, pẹ̀lú déètì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn.

Àbúrò mi di orí mú. Ó ní lórí irú kọ̀ǹpútà tòun, fódà lásán nínú kọ̀ǹpútà ni Ìpamọ́, àfi tí òun bá tẹ àṣẹ tó so háàdì mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tó kó ohùn Màmá síbẹ̀, ó ki okùn bọ̀ ọ́, ó gbàgbé àṣẹ. Inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ohùn Màmá wọ̀, kò dé inú háàdì rárá. Gbogbo ìgbà tó wá so háàdì mọ́ Ìpamọ́ láti wá a, ohun tó wà nínú háàdì ló ń bò ó mọ́lẹ̀.

"Ìwọ tó ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́," ni mo wí, "o ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sí."

A pe Màmá. Ó tẹ fáìlì àkọ́kọ́, ohùn wọn sì jáde ketekete. Wọ́n ń bá àbúrò mi wí pé kó lọ fá irùngbọ̀n játijàti yẹn kó tó wá jókòó ti àgbàlagbà. A rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo bojú wo Màmá, ètè wọn ń mì, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ náà tẹ̀lé ohùn náà.

Fáìlì náà parí, ètè wọn ò dúró. Àbúrò mi sún mọ́ wọn, ó tẹjú mọ́ ẹnu wọn.

"Mo ti gbọ́, Màmá," ó ní. "Màá fá a."