Ohun Tó Ń Ṣẹ́jú Lórí Kántà

Ọkọ mi ni wọ́n pè pé kó wá gé kántà tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe.

Kì í ṣe pé Ọláoyè, tó ni ilé náà, fẹ́ fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Agé-òkúta ló ń wá, wọ́n sì júwe Stephen fún un ní Ìkọ̀tun. Kò mọ̀ pé bàbá Tóbi ọmọ mi ni. Nígbà tí Stephen sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Command, tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dání, tó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Tóbi, kí lò ń ṣe níbí?"

"Ilé tí mo sọ fún yín nìyí."

Ó wò mí, ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. "Wọ́n ní kántà kan ló ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, kí n wá gé e kúrò. Tìẹ ni?"

Mo kúrò lẹ́nu ọ̀nà kó lè wọlé.

Ọláoyè kọ́ fúláàtì mẹ́jọ síbẹ̀, ó sì fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí tó ń fi hàn pé ilé kan kò pa ilẹ̀ lára, kò sì pa àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lára. Àwọn tó ń fúnni níwèé náà máa ń wo ibi tí ohun ìkọ́lé ti wá, omi àti iná tí ilé yóò lò, àti afẹ́fẹ́ tí àwọn ará ilé yóò máa mí símú. Kò fẹ́ kí kántà, pẹpẹ ìgbóúnjẹlé inú ilé ìdáná, jẹ́ gíráníìtì tí wọ́n wú nínú àpáta. Èmi ni mo bá a ṣe tèmi: ìgò tí wọ́n ti dà nù ní Ìgandò ni mo ń fọ̀, mo ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́, mo ń pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì funfun, mo ń dà á sínú férémù. Tó bá gbẹ, omi ni mo fi ń dán an, eruku kì í sọ. Ilé ìdáná kan la kọ́kọ́ ṣe. Tó bá yege, àwọn yòókù di tiwa, Stephen yóò sì wá bá mi ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Láti ìgbà ọyẹ́ èṣí ni Stephen ti ń wúkọ́. Òwúrọ̀ nìkan ni tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí a sin ìyá rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, ikọ́ kò jẹ́ kó lè sọ ọ̀rọ̀ tí àkọ́bí ń sọ létí sàárè. Àbúrò rẹ̀ ló bá a sọ ọ́. Dókítà ní eruku òkúta ti jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Stephen bi í pé, "Kí la ó wá máa jẹ?" Dókítà wo orí tábìlì.

Al-Ameen, ẹni tó ń yẹ ilé wò, ti gbé àpótí kékeré kan sórí kántà mi. Àpótí náà máa ń fa afẹ́fẹ́ sínú ní gbogbo òru, iná kékeré ara rẹ̀ a máa ṣẹ́jú. Ó ní kí wọ́n ti ilé, kí ẹnikẹ́ni má kun ọ̀dà, kí ẹnikẹ́ni má sì fín nǹkan kan. Ọláoyè ló lọ gbé e lọ́jọ́ kejì, ó fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ kan ni èsì dé: oró kẹ́míkà kún inú ilé ìdáná náà ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn yàrá yòókù tó ti kọ́kọ́ wọ̀n mọ́.

"Ìgò àti sìmẹ́ńtì ni, sà," ni mo ń sọ ṣáá. "Ìgò àti sìmẹ́ńtì nìkan."

"Ó ya èmi náà lẹ́nu, mà," Al-Ameen dáhùn. Ó yíjú sí Ọláoyè. "Ẹ jẹ́ ká tún un wọ̀n kí ẹ tó gé e."

"Kántà yìí nìkan ló wà níbí tí kò sí ní yàrá tó kù. Ẹ tún un wọ̀n tó bá ti kúrò. Ọ̀gbẹ́ni, ẹ gé e, jàre."

Omi kò tíì wọ ilé náà, èyí tí à bá fi pa eruku. Stephen fi áńkáṣíìfù di imú àti ẹnu, ó tan ẹ̀rọ. Eruku funfun sọ títí kan àjà. Mo rí i bí abẹ ṣe ń la àfọ́kù ìgò kọjá, aláwọ̀ ewéko, aláwọ̀ ilẹ̀, búlúù, gbogbo èyí tí mo fi ọwọ́ ṣà. Ọkọ mi ń gé, ó ń wúkọ́. Nígbà tí ègé tó kẹ́yìn wó lulẹ̀, Al-Ameen gbé àpótí rẹ̀ wọlé, ó tan án.

Ìgbà náà ni ìyá Ọláoyè dé, Màmá Agnes, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, kúlà oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí àpótí náà. Ó figbe ta, kúlà balẹ̀, ìrẹsì dà káàkiri.

"Jésù! Ọláoyè, ó tún ti padà wá!"

"Màmá, kí ló padà wá?"

"Ohun tó ń ṣẹ́jú yẹn! Mo bá a níbí lálẹ́ ọjọ́ tí mo wá gbàdúrà sílé. Ilé títì pa, kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi ni mo fi ṣí i, kò sẹ́nì kankan, ó jókòó sórí kántà, ó ń ṣẹ́jú sí mi! Ta ni ò ní mọ̀ pé wọ́n ti gbé nǹkan sílé ọmọ òun? Mo bá a jà dáadáa!"

"Báwo lẹ ṣe bá a jà, mà?" Al-Ameen rọra bi í.

"Ìgò lọ́fínńdà kan gbáko ni mo dà lé e lórí. Mo sun tùràrí yí i ká. Mo ṣí fèrèsé sílẹ̀ kó lè jáde, ìdájí ni mo wá tì í."

"Màmá! Ṣebí mo ní kí ẹnikẹ́ni má fín nǹkan kan?"

"Ta ló fín nǹkan? Àdúrà ni mo gbà."

Ọláoyè jókòó sínú eruku pẹ̀lú ṣòkòtò dáadáa tó wọ̀.

"Mo gbọ́ òórùn rẹ̀," ó ní. "Nígbà tí mo wá gbé àpótí. Ìsìn òwúrọ̀ ni mo ti ń bọ̀, a sun tùràrí níbẹ̀. Mo rò pé aṣọ mi ló ń rùn bẹ́ẹ̀." Ó gbójú sókè wò mí. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ṣé ẹ lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀?"

"Ẹ lẹ̀ ẹ́, kí gúlù wá máa rùn?" Al-Ameen ní.

"Kò ṣe é lẹ̀," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n mo lè fọ́ ọ, kí n fi da òmíràn. Ẹ má kó o dà nù."

Màmá Agnes ti kúnlẹ̀, ó ń ṣa àwọn ègé náà sínú ìṣẹ́tí sùtánà rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Al-Ameen ń sọ fún Ọláoyè pé òun yóò tún wá wọn afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tí a bá ti da kántà tuntun. Ọláoyè ń sọ pé tiwa ni àwọn yòókù tó bá ti yege. Mo ń gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n Stephen ni mo ń wò. Ó yíjú sí ògiri, ó wúkọ́ pẹ́, ó tú áńkáṣíìfù kúrò lẹ́nu. Ó wò ó. Ó yára ká a, ó fi sápò kí n má baà rí i.

Mo ti rí i. Ó pọ́n fún ẹ̀jẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé ẹ̀rọ rẹ̀. Mo na ọwọ́, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bá mi du ú.