Mò Ń Gbọ́ Yín Kedere

Ẹ má tètè bínú sí ẹnjiníà wa. Obìnrin tó mọ iṣẹ́ ni. Òun ló ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan, kò ju bọ́tìnnì lọ, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà aláìsàn. Ẹ̀rọ náà á máa fetí sí bí ọkàn ṣe ń lù, á sì máa fi í ránṣẹ́ láìsí wáyà sí kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́. Wàhálà rẹ̀ kò ju bátìrì lọ, nítorí fífi nǹkan ránṣẹ́ ló ń jẹ ẹ́ tán kíákíá.

Ìyá rẹ̀, tí àìsàn ọkàn ń yọ lẹ́nu, ní kí ó fi òun dán an wò. Ọ̀rọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ṣàn láàárín àwọn méjèèjì. Nínú ọmọ mẹ́rin tí ìyá yìí bí, ẹnjiníà nìkan ló fà lé àbúrò tirẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ láti tọ́, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká eyín. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí ẹ̀ fún un. Òun náà ò bèèrè, ó kàn gbé e sínú títí ó fi dàgbà.

Láràárọ̀, gbígbọ̀n kan máa ń bo ìlù ọkàn ìyá mọ́lẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ẹnjiníà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ sísọ ló ń mi àyà bẹ́ẹ̀. Bó bá fẹ́ ni, ì bá sọ ọ́ padà di ohùn. Ṣùgbọ́n "ariwo" ni wọ́n ń pè é nínú iṣẹ́ wọn, ìbáà jẹ́ ikọ́, ìbáà jẹ́ àdúrà. Ó fi asẹ́ sínú ẹ̀rọ náà: ohun tí kì í bá ṣe ọkàn, kó dà á nù kó tó ránṣẹ́. Àwọn gbígbọ̀n àtẹ̀yìnwá tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà, ó pa wọ́n rẹ́ kí ààyè lè wà. Bátìrì wá ń lo oṣù kan gbáko. Ọ̀gá rẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ títí apá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ.

Ìyá pè é lórí fóònù lọ́sẹ̀ náà.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi nínú nǹkan yìí?"

"Mò ń gbọ́ yín, mà. Ó mọ́ kedere."

Ìlù ọkàn ni ọmọ ń sọ ní tirẹ̀. Ìyá mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́, kò sì bèèrè mọ́.

Nígbà tí ọkàn náà daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ké gbàjarè bó ti yẹ, wọ́n sì gbé ìyá dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ọlọ́jọ́ ti dé. Lẹ́yìn ìsìnkú, àǹtí tó tọ́ ẹnjiníà gbé ẹ̀rọ náà wá fún un nínú áńkáṣíìfù. Ó ní láràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n òun máa ń tilẹ̀kùn, á dorí kodò, á máa bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ tó wà láyà, torí ojú ń tì í láti sọ ọ́ lójúkojú.

"Ó ní òun ti ṣàlàyé ìdí tóun fi gbé ẹ wá sọ́dọ̀ mi fún ẹ. Mo bi í, ó ní ọ̀rọ̀ tìẹ ni, kì í ṣe tèmi. Inú ẹ̀ dùn nígbà tó o ní ò ń gbọ́. Kí ló wá sọ?"

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Àyà ni ìyá yìí gbé tirẹ̀ sí, ọmọ rẹ̀ sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ dànù.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, mà."

Àǹtí rọra jáde. Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Èyí dun ẹnjiníà dé egungun.

Ó lẹ ẹ̀rọ náà mọ́ àyà ara rẹ̀, ó ṣí kọ̀ǹpútà. Ó pe ìyá rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó bi í ní ìbéèrè tó ti gbé sínú láti kékeré, títí ohùn rẹ̀ fi há. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlù ọkàn rẹ̀ nìkan ló ń kọjá. Ó mọ́ kedere.